Àdúrà Àjùmọ̀gbà àti Bí Ó Ti Gbé Ìjọ Ró ní Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Ẹni tí ó bá dá wọ ìlú, "mo dé" ni yóò wí, bí a ó bá gbọ́ "àwá dé" lẹ́nu rẹ̀, ó di dandan kí ẹlòmíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bẹ Olúwa pé kí ó kọ́ àwọn bí a ti í gbàdúrà, àdúrà tí ó fi lé wọn lọ́wọ́ bá òwe yìí mu pátápátá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tí a ti rí "èmi" nínú rẹ̀, bí kò ṣe "àwa." Cyprian, Bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní ìhà àríwá ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tí a pa nítorí ìgbàgbọ́ ní ọdún 258, ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó kọ lórí Àdúrà Olúwa. Ó kọ́ni pé Kristiani kì í gbàdúrà fún ara rẹ̀ nìkan, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn Ọlọ́run jẹ́.

Kì í ṣe ìwàásù ni a fẹ́ ṣe nínú ìwé yìí. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ohun tí a sì fẹ́ fi ìtàn náà hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà gbogbo tí ó dàbí ẹni pé òpó ìjọ wó ní ilẹ̀ Yorùbá, tí òyìnbó lọ, tí àlùfáà kò sí, tàbí tí a ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn, àwọn tí kò ṣíwọ́ láti máa pé jọ gbàdúrà ni Ọlọ́run lò tí iná náà kò fi kú. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà àdúrà àjùmọ̀gbà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí a fi kún ìsìn. Òun gan-an ni ìpìlẹ̀ tí àwọn tí ó ṣáájú wa dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè tiwa. Ní Òṣoògùn, ìlú kan ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú ọmọdékùnrin yìí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti di Samuel Ajayi Crowther, a sì fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843.

Nígbà tí ó padà dé Sàró, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ilé ìsìn ní Freetown. Àwọn tí ó wá gbọ́ ọ jẹ́ ọmọ Yorùbá láti oríṣiríṣi ìlú, tí ogun àti òwò ẹrú ti tú ká. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ àdúrà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ìsìn ń parí, tí òun súre fún wọn, ohun tí àwọn ènìyàn fi dáhùn ni pé, "Kí ó ṣẹ, kí ó ṣẹ."

Ẹ kíyè sí èsì náà, ẹ̀yin olùkàwé wa. Èsì tí a ń fọ̀ nílé baba wọn ni. Bí àgbà bá ń wúre níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi ìgbéyàwó, gbogbo agbo ni yóò máa dáhùn pé "Àṣẹ." Lójú àwọn baba wa, ìwúre tí kò sí ẹni tí ó dáhùn sí i dàbí ẹrù tí a dì sílẹ̀ tí a kò rí ẹni gbé. Nítorí náà nígbà tí Ìwé Àdúrà ti ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wa, kò bá wa ní àlejò pátápátá. Bí a ti ṣètò rẹ̀ ni pé ẹni tí ń darí ìsìn yóò wí tirẹ̀, ìjọ yóò sì fèsì. Nínú Lítánì pàápàá, èsì ìjọ ni ó ń gbé àdúrà náà lọ láti ẹsẹ dé ẹsẹ. Bí ìjọ bá dákẹ́, àdúrà kò parí. Ní ọdún 1850 ni apá kan nínú Ìwé Àdúrà yìí jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Crowther, kí ó tó di pé a parí Bíbélì odindi ní ọdún 1884.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun kan síi nípa ìwé yìí, nítorí pé ohun tí ó tẹ̀lé e nínú ìtàn wa dá lé e lórí. Láìsí àlùfáà, a kò lè ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n Àdúrà Òwúrọ̀ àti Àdúrà Ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì tí ó jẹ́ ti àlùfáà sẹ́yìn, katikíìsì lè darí rẹ̀, àgbà ìjọ tí ó mọ ìwé kà lè darí rẹ̀, àwọn ìyókù tí kò mọ̀wé sì lè mọ èsì náà sórí. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta yóò fi ọwọ́ mú ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí omi ń gbé lọ ti í di ẹ̀ka igi mú.

Ọjọ́ náà kò pẹ́ dé. Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà ní Ọ̀yọ́. Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọba, ó ní àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Láti inú èyí ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 Ìjàyè fọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́nká. Ọ̀nà etíkun dí pa. Ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún 1853, di ẹni tí a sé mọ́. Owó kò wọlé, ìwé kò dé, ebi sì mú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ohun ìní wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ wọn. Àìsàn kò jẹ́ kí ara Anna Hinderer le mọ́. Ní ọdún 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé òyìnbó ni ìjọ rọ̀ mọ́, ìjọ Ìbàdàn ìbá ti túká ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n Daniel Olubi, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti ń bá Hinderer ṣiṣẹ́, gba ìtọ́jú agbo, àwọn bí James Okuseinde sì ràn án lọ́wọ́. Ní Kúdẹtì, ní Arẹ́mọ àti ní Ògùnpa, agogo kò dákẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kò sí òyìnbó ajíhìnrere tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, síbẹ̀ ìjọ náà wà, ó sì ń dàgbà.

Ní Abẹ́òkúta ìdánwò náà tún le ju èyí lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìjà tí ó wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tú jáde sórí àwọn Kristiani. A ya wọ inú àwọn ilé ìsìn, a kó ohun tí ó wà nínú wọn, a sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Ìfọ́lé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọdún náà títí di òní. Àwọn kan sá tẹ̀lé àwọn olùkọ́ wọn lọ sí Èkó, a sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Àwọn tí ó kù sílé kò ní odi kan tí wọ́n lè sá sí bí kò ṣe ara wọn. Àwọn àlùfáà tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, bí William Moore ní Òṣíẹ̀lẹ̀, dúró tì wọ́n, ìgbàgbọ́ kò sì parun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó Amẹ́ríkà ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé ìlú náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Láìpẹ́ ogun méjì ká iṣẹ́ náà mọ́. Ogun Ìjàyè ń jà nílé. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1861 dé 1865, ó sì gbẹ orísun owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn òyìnbó náà lọ. Ìgbà tí ó di ọdún 1875, tí W. J. David àti W. W. Colley dé láti tún iṣẹ́ náà gbé dìde, ni ọwọ́ wọn tó tún tẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní olùkọ́ láti òkè òkun. Ohun tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́, orin, àti àdúrà lọ́dọ̀ ara wọn. Wọn kì í lo Ìwé Àdúrà bí tiwa, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi sì wà láàárín àwa àti àwọn. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí a ń sọ yìí, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́. Lónìí, ta ni kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìlú àwọn Onítẹ̀bọmi? Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1898 wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907 sì ń jẹ́ orúkọ Bowen nísinsìnyí.

Kí a padà sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí gbogbo Yorùbá mọ̀ nínú àwọn pásítọ̀ Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí ó kú ní ọdún 1901, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì mú kí ìwé náà jáde ní ọdún 1921. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n ní òpìtàn. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé katikíìsì ni ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ dojú ìbọn kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, a rí ohun kan tí ojú kò rí rí ní ilẹ̀ wa: àwọn tí ń gba Àdúrà Olúwa wà ní ìhà méjèèjì. Kristiani Ìbàdàn ń ké pe Baba, Kristiani Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń ké pe Baba kan náà. Báwo ni ẹni méjì yóò ti máa pe Baba kan, tí wọn kò ní bi ara wọn léèrè bí wọn kì í bá í ṣe ọmọ ìyá? Ní ọdún 1886, Samuel Johnson láti ọ̀dọ̀ àwọn tí í ṣe ti Ọ̀yọ́, àti Charles Phillips tí ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ni ìjọba Èkó rán láàárín àwọn ibùdó méjèèjì títí tí wọ́n fi gbà láti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. A kò wí pé àdúrà nìkan ni ó parí ogun náà. Àárẹ̀ ti mú àwọn jagunjagun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní èrò tirẹ̀. Ohun tí a wí ni pé àwọn tí a lè rán sí ìhà méjèèjì kí a sì gbà wọ́n gbọ́ jẹ́ àwọn tí ó ní arákùnrin nínú àdúrà ní ìhà méjèèjì.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1896, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àti katikíìsì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí ó sì ti lọ sí Èkó lẹ́yìn Ìfọ́lé, ṣí wá sí Ọ̀yọ́ lábẹ́ ìtọ́jú Frank Melville Jones. Òun ni a mọ̀ sí St. Andrew's College. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ìlú àti abúlé, kí wọn máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ní ọ̀sán, kí wọn sì máa darí àdúrà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní orí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni Yunifásítì Ajayi Crowther wà lónìí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005.

Ìtàn wa kò ní pé bí a bá fi ibi tí ó dun ìjọ wa pamọ́. Ní ọdún 1918, àrùn lukuluku tí ó yí gbogbo ayé ká dé ilẹ̀ wa, ó sì pa ènìyàn lọ bí ẹni ń gé koríko. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's, tí Joseph Shadare jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, darapọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, kò sì sí nínú èrò wọn láti dá ìjọ mìíràn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ wá sí àárín wọn àti àwọn aláṣẹ ìjọ nítorí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, nítorí àlá àti ìran, àti nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà nìkan fún ìwòsàn. Melville Jones tí ó mú ilé ẹ̀kọ́ wá sí Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Èkó ní àkókò náà. Ní ọdún 1922 wọ́n yà kúrò. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà kékeré yìí, àti láti inú ìsọjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930 nípasẹ̀ Joseph Ayo Babalola, ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde wá.

Àwa tí a wà nínú ìjọ ìyá kò lè wí pé ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ kò já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbà pé kí aláìsàn kọ oògùn. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí orúkọ tí gbogbo ayé fi pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi jẹ́ "Aládùúrà." Ǹjẹ́ kì í ṣe àwa pẹ̀lú ni ó yẹ kí a máa pè bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ikú ń kan ilẹ̀kùn, ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ni ibi tí a ó ti gbé ẹrù wọn jọ síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú orúkọ wọn àti omijé wọn. Ẹni tí kò bá rí i nílé, yóò wá a lọ sí ìta.

Àkókò bí ti 1918 tún dé bá wa ní ojú ara wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba pàṣẹ pé kí a ti àwọn ilé ìsìn. Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà kò bá wa nínú ilé Ọlọ́run. Nígbà náà ni a mọ ilé tí pẹpẹ wà àti ilé tí kò sí. Ilé tí baba, ìyá àti ọmọ ti ń kúnlẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣe ju pé kí wọ́n ṣí ìwé kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ó ti fi gbogbo àdúrà sílẹ̀ fún katikíìsì kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Olúwa kò ha kọ́ wa pé kí a wọ ìyẹ̀wù lọ, kí a sì ti ilẹ̀kùn?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ́ wa. Àwọn tí ń fi àdúrà ṣe àṣehàn ni ó ń bá wí. Ẹni tí kì í gbàdúrà ní ìyẹ̀wù, ariwo ni yóò mú wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n Olúwa kan náà ni ó ṣe ìlérí láti wà níbi tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá péjọ ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Peteru sì wà nínú túbú, ilé ìyá Johanu Marku ni ìjọ péjọ sí láti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìyẹ̀wù àti ìpàdé jẹ́ ẹsẹ̀ méjì tí ìjọ fi ń rìn.

A sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa àwọn ìpàdé àdúrà wa. Ní ibòmíràn, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí àwọn ìyókù yóò máa sùn. Ní ibòmíràn, a ti sọ àdúrà di ọ̀nà láti pa òwe mọ́ ẹni tí a bá ń bínú sí. A di ojú, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tí a ń tọrọ ju ìṣubú àwọn ọ̀tá lọ, ọ̀tá náà sì lè jẹ́ ìyàwó baba ẹni tàbí aládùúgbò ẹni. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti pa "àwa" rẹ́, ó sì fi "èmi" jọba. Ó dára kí a pe orúkọ aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí a sì lọ kí wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí a jẹ́ kí àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́ darí nígbà tiwọn. Kí a gbàdúrà ṣókí, ní èdè tí ọmọdé yóò gbọ́, kí gbogbo ènìyàn lè fi ọkàn dáhùn.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ni ipò àwọn ìjọ kéékèèké tí ó wà ní àwọn abúlé ìhà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àlùfáà kan lè ní ìjọ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Àwọn àgbà díẹ̀ ni ó kù. Ìjọ tí ó bá ń gbàdúrà kìkì nítorí pé katikíìsì lu agogo, yóò dákẹ́ ní ọjọ́ tí a bá gbé katikíìsì lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí arúgbó mẹ́ta bá ti mọ̀ pé àdúrà náà jẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì ń pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ òrùlé páànù kan, ìjọ Ọlọ́run wà níbẹ̀ ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Ìbàdàn lẹ́yìn Hinderer àti ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ìfọ́lé.

Àwọn baba wa tí ó gba ìgbàgbọ́ yìí kò ní owó, kò sí aláṣẹ lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀wé. Wọ́n ní ara wọn, wọ́n sì ní Baba kan. Kí Olúwa tí ó gbọ́ tiwọn jẹ́ kí àwa pẹ̀lú lè fi ohùn kan ké pè é, ní ilé àti ní ilé ìsìn, ní àlàáfíà àti ní ìpọ́njú. Kí gbogbo ìjọ sì dáhùn pé: Kí ó ṣẹ.